Ìkúnlẹ̀ Níwájú Àbẹ́là Hánúkà

Manchester,
Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Mo kí màámi, mo kí gbogbo ará ilé ní Igbein. Mo mọ̀ pé etí yín kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Sàlàhúdíìnì ní Adigbe kó lè tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó má kà á kó tó fún yín.

Ẹ bi mí pé báwo ni mo ṣe lo Kérésì. Mo lọ sí ìsìn àárọ̀. Bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Kérésì níbí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Nígbà tó di agogo méjì ọ̀sán, mo gba iṣẹ́ lọ.

Mo ti sọ fún yín nípa màmá tí mò ń tọ́jú. Rifka ni orúkọ rẹ̀, bí àwọn tiwọn ṣe ń pe Rèbékà inú Bíbélì. Júù ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló wà. Orí àga onítáyà ló máa ń jókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n débi pé ife tíì kì í dúró níbẹ̀. Ọmọ méjì tó bí ń gbé ní ilẹ̀ mìíràn.

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù tiwọn, nítorí náà ọdún wọn máa ń sún síwá sẹ́yìn bíi ti àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ Sàlàhúdíìnì. Lọ́dún yìí, alẹ́ àkọ́kọ́ àjọ̀dún kan tí wọ́n ń pè ní Hánúkà bọ́ sí ọjọ́ Kérésì gan-an. Màmá ní kí n gbé ọ̀pá fìtílà idẹ kan wá sójú fèrèsé. Ihò mẹ́sàn-án ló ní. Mẹ́jọ wà fún alẹ́ mẹ́jọ. Ìkẹsàn-án ga ju àwọn yòókù lọ, ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pè é: òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń tàn, òun ni wọ́n sì fi ń tan àwọn tó kù. Àbẹ́là kan lálẹ́ kìíní, méjì lálẹ́ kejì, títí yóò fi di mẹ́jọ.

Òfin wọn ni pé Júù ni kó tan iná yẹn fúnra rẹ̀. Èmi ò lè bá a tàn án. Ó wá ní kí n di ọrùn ọwọ́ òun mú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń tanná, tèmi kàn ń dá gbígbọ̀n rẹ̀ dúró. Ó kọrin àdúrà mẹ́ta lédè Hébérù kó tó tàn án. Nígbà tó parí, ó wo ojú mi, mo sì ṣe Àmín. Ṣé mo jẹ̀bi, bàbá?

Mo ṣe àṣìṣe kan. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fẹ́ ẹ pa. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé: tí wọ́n bá mú iná dé, a ó fẹ́ àbẹ́là pa, a ó tọ́jú kùkùté rẹ̀ de ọjọ́ mìíràn. Iná mànàmáná sì ń tàn yòò nínú yàrá náà. Àfi ìgbà tí màmá lọgun! Mo rò pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ dúró. Ó ní, "Ìlérí, a kì í pa á! Ó máa ń jó tán fúnra rẹ̀ ni!" Mo tún di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tún un tàn, láìgbàdúrà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn rẹ̀ fún mi: ọba Gíríìkì kan gba tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ wọn, ó sọ ọ́ di aláìmọ́, ó ní wọn ò gbọdọ̀ sin Ọlọ́run wọn mọ́. Ìdílé Màkábé sá sórí òkè, wọ́n bá a jà, wọ́n gba ilé náà padà. Kólòbó òróró mímọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n rí níbẹ̀, tí kò lè tó ju ọjọ́ kan lọ. Ó jó fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Kí a tó tan iná náà, mo ti gbé fóònù ti ìwé kan lórí pẹpẹ ìwé, mo jẹ́ kó ya wá fúnra rẹ̀. Fọ́tò náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ó wù mí kí ẹ rí i.

Ọmọ yín,
Ìlérí.


Igbein, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kejìlá, 2024.

Ìlérí,

Mo gba lẹ́tà rẹ láàárọ̀ yìí. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀bù Sàlàhúdíìnì. Mo dìde, mo tún jókòó. N kò kí ọ kú ọdún, torí n kò mọ ọdún tí ò ń ṣe.

Mo wo fọ́tò náà. Mo nu awò ojú mi, mo tún un wò. Ọmọ èmi Olúbọ̀dé Ògúnkúnlé, ọmọ bàbá ìjọ, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú iná, lọ́jọ́ tí a bí Jésù! Ìwọ tí n kò rí kó sọ̀rọ̀ sókè rí. Ìwọ tí mo fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé, ẹ fi ti Ìlérí sílẹ̀, èyí kò ní ṣìnà. Ìyá rẹ ní kí n fi han òun. Ó wò ó, ó káwọ́ lérí.

Sàlàhúdíìnì ní, "Bàbá, ẹ farabalẹ̀. Yahúdì ni wọ́n. Wọ́n wà nínú Kùránì, wọ́n sì kún inú Bíbélì tiyín." Mo ní kó panu mọ́ kó jẹ́ n gbọ́ràn. Ó ní, "Ẹ̀yin tétí yín ò gbọ́ràn?" Ìyẹn ni ọmọ tí mo kọ́ ní A B D!

Mo fẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta, bí ìgbà tí o wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Má yí i po.

Èkíní: ta lo kúnlẹ̀ fún?

Èkejì: kí ni ìtumọ̀ àdúrà tí o ṣe Àmín sí, láti orí dé ìdí? Àmín kì í ṣe "ẹ ṣeun," Ìlérí. Ẹni tó ṣe Àmín ti fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dijú la ń bá ṣe Àmín.

Ẹ̀kẹta: iná méjì ló ń jó nínú fọ́tò yẹn. Ihò méje ṣófo. Kí ni méje yẹn ń dúró dè?

Kúrò nílé obìnrin yẹn kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Èmi ní tèmi ti ṣe ohun tó yẹ kí baba ṣe. Wàá gbọ́.

Bàbá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnira. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ló dá gbogbo èyí sílẹ̀. Lẹ́tà yín bà mí lẹ́rù. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè gòkè, mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí ẹ ṣe to ìbéèrè yín.

Ta ni mo kúnlẹ̀ fún? Màmá Rifka jókòó lórí àga, fèrèsé náà sì kúrú. Mo fẹ́ di ọwọ́ àgbàlagbà mú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ kì í nàró gbọnrangandan fi nǹkan lé àgbà lọ́wọ́. Mi ò tiẹ̀ rò ó. Eékún mi ló mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá wo fọ́tò náà dáadáa, ẹ ó rí i pé màmá ni mo kọjú sí, iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká mi.

Ìtumọ̀ àdúrà náà: mo ní kó sọ ọ́ fún mi lédè Òyìnbó, mo dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ní, ìbùkún ni fún ọ, Olúwa Ọlọ́run wa, Ọba gbogbo ayé, tí ó fi òfin rẹ̀ yà wá sí mímọ́, tí ó sì pàṣẹ pé kí a tan iná Hánúkà. Èkejì ní, ìbùkún ni fún ọ, tí ó ṣe iṣẹ́ ìyanu fún àwọn baba wa láyé ọjọ́un, ní irú àkókò yìí. Ẹ̀kẹta, tí wọn kì í sọ ju alẹ́ àkọ́kọ́ lọ, ní ìbùkún ni fún ọ, tí ó dá wa sí, tí ó gbé wa ró, tí ó mú wa dé àsìkò yìí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá, kí ni ẹ̀kẹta yẹn fi yàtọ̀ sí ohun tí ẹ máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún?

Tí iná bá ti ń jó, ó tún máa ń sọ pé mímọ́ ni iná wọ̀nyí, a kò láṣẹ láti lò wọ́n fún ohunkóhun, àfi kí a máa wò wọ́n. Ní àárọ̀, ó máa ń ka Sáàmù, láti ìkẹtàléláàádọ́fà dé ìkejìdínlọ́gọ́fà. Mo bá a kà á nínú Bíbélì tèmi. Ẹ sì ṣí Jòhánù orí kẹwàá, ẹsẹ kejìlélógún. Ẹ ó rí àjọ̀dún ìyàsímímọ́ níbẹ̀, ní Jerúsálẹ́mù, nígbà òtútù, tí Jésù ń rìn nínú tẹ́ḿpìlì. Hánúkà nìyẹn. Jésù wà níbẹ̀.

Ihò méje ń dúró de alẹ́ méje tó kù. Lónìí tí mò ń kọ̀wé yìí, mẹ́rin ti ní àbẹ́là, yàtọ̀ sí ìránṣẹ́. Kí lẹ rò pé wọ́n ń dúró dè? Ìbéèrè yẹn ò yé mi, bàbá. Kò jọ ìbéèrè yín.

Kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ a rin ànàmọ́ òyìnbó, a po ẹyin àti àlùbọ́sà mọ́ ọn, a dín in, torí òróró ni ìtàn wọn dá lé. Ó jọ àkàrà tó kọ̀ tí kò wú. Màmá ní òkòtó onígi kan tó ní ojú mẹ́rin, tí wọ́n kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí, tó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ìyanu ńlá kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kò lè ta á mọ́. Èmi ni mò ń ta á fún un, ó sì ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ dárí jì mí, mi ò lè kúrò. Tí mo bá kúrò, ta ni yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú? Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló ti ń tan iná yìí, kò sì tí ì fo alẹ́ kan rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Alẹ́ mẹ́rin ló kù.

Kí ni ohun tó yẹ kí baba ṣe, tí ẹ ní ẹ ti ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.

Ìlérí.


Manchester,
Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kejìlá, 2024.

Bàbá,

Mo ti gbọ́.

Ní agogo mẹ́sàn-án àbọ̀ àárọ̀ òní, Priscilla, ọ̀gá àwa olùtọ́jú arúgbó ní iléeṣẹ́ wa, pè mí sí ọ́fíìsì. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ìbuwọ́lùwé yín ni mo kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ìlà méjì tí ẹ máa ń fà sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ẹnì kan kú nílé ni. Mo tún fi ìka tọ orúkọ yín lójú kọ̀ǹpútà náà, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ kọ̀wé ẹ̀sùn. Ẹ mú àdírẹ́sì iléeṣẹ́ wa nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi tó wà nínú àpótí yín, ẹ kọ̀wé sí wọn. Ẹ ní wọ́n ń fi ọmọ yín bọ iná. Ẹ ní wọ́n fipá mú mi kúnlẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ẹ ní tí wọn ò bá yọ mí kí ọdún tó parí, ẹ ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ yìí. Ẹ sì fi fọ́tò náà mọ́ ọn. Fọ́tò tí mo yà fún yín.

Priscilla ní, "Ìlérí, ṣé obìnrin yìí ló ní kó o kúnlẹ̀?"

Mo ní, "Rárá, mà."

"Kí ló dé tó o fi kúnlẹ̀ nígbà yẹn?"

"Àgbà ni, mà."

"Èmi náà jù ọ́ lọ. O ò kúnlẹ̀ fún mi rí."

Mo kàn ń wo bàtà mi.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé ẹ̀rù ló ń bà ọ́ láti sọ òótọ́?"

Ṣé ó yé yín, bàbá? Níbí, tí wọ́n bá rí òṣìṣẹ́ lórí eékún níwájú ẹni tó ń tọ́jú, ìyà ni wọ́n máa ń rò pé wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni mo ń jọ ẹni tí wọ́n kọ́ ní ohun tó máa sọ. Wọ́n ní kí n lọ rọ́ọ́kún nílé títí wọn ó fi wádìí tán. Tí wọ́n bá lé mi, ìwé ìgbélùú mi bá a lọ. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí jù. Wọ́n lọ bi Màmá Rifka bóyá ó máa ń lù mí.

Ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Haleemah tí wọ́n fi rọ́pò mi pè mí. Ó ní, "Sísítà, màmá ò jẹun o. Wọ́n to àbẹ́là mẹ́fà, wọ́n ń na ọwọ́ sí mi. Iléeṣẹ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé mi ò gbọdọ̀ bá wọn dé ìdí iná. Kí ni kí n ṣe?" Mo ń gbọ́ ohùn màmá lẹ́yìn rẹ̀: "Ọmọ mi dà? Ọmọ mi dà?" Ó gbìyànjú láti ṣá ìṣáná fúnra rẹ̀. Ó já bọ́ sórí aṣọ rẹ̀. Haleemah ló fọwọ́ gbá a pa. Ọpẹ́ ni pé kò jó o.

Alẹ́ kẹfà kọjá, fèrèsé yẹn ṣókùnkùn.

Ẹ bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, bàbá. Ẹ ò dúró gbọ́ ìdáhùn ẹyọ kan.

Ìlérí.


Adigbe, Abẹ́òkúta,
31 oṣù Kejìlá, 2024.

Sísítà Ìlérí,

Sàlàhúdíìnì ni o. Ẹ má bínú sí mi, èmi ni mo tẹ ìwé ẹ̀sùn yẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la." Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bá wọn bí ọmọ ni. Láti àárọ̀ tí mo ti tẹ lẹ́tà yín jáde ni wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Wọ́n ti fa ìwé mẹ́rin ya. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ìkarùn-ún. Mi ò kà á o. Mo kà á. Ẹ fi orí jì wọ́n.


Ìlérí, ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí màmá tí ò ń tọ́jú, bí ó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ìkíni láti ẹnu mi.

O ní ìbéèrè kẹta mi kò jọ ìbéèrè mi. Òótọ́ ni. Ìwọ ni o ń wo nǹkan ní àwòfín nínú ilé wa, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè máa wo ojú rẹ pẹ́.

Wùnmí ẹ̀gbọ́n rẹ kò kú sí ọsibítù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà, ohun tí a ní kí o sọ lo sọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dára, o mọ̀, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ìyá rẹ wà lóko lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹnì kan júwe ilé àdúrà kan fún mi, ilé náà kò sí mọ́ báyìí. Mo mú un lọ. Wọ́n tan àbẹ́là méje sí orí erùpẹ̀, wọ́n ní kí ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láìjẹun. Wòlíì gbàdúrà pé kí ó má ṣe kúrò níbẹ̀ títí méjèèje yóò fi jó tán ní ọjọ́ méje. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Èmi híìdímásítà, tí mo mọ̀wé, tí dókítà ti kìlọ̀ fún. Ojú tì mí láti bá wòlíì jiyàn lójú àwọn èèyàn. Mo ṣe Àmín. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dún jáde.

Ọjọ́ karùn-ún ni. Mo gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ibẹ̀ ló ti kú. N kò kọ̀wé ẹ̀sùn kan sí ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ta ni mo fẹ́ fi sùn?

Nígbà tí mo rí ìwọ lórí ìkúnlẹ̀, tí mo ka ihò méje, ọwọ́ mi ti ń kọ̀wé kí orí mi tó dé ibẹ̀.

Mo ti kọ ìwé mìíràn sí iléeṣẹ́ yín lónìí. N kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ṣì wọ́n gbọ́. Mo kọ ọ́ pé mo purọ́, torí n kò rí ẹni tó fipá mú ọ, mo sì sọ pé mo rí i. Mo fi ìpínrọ̀ mẹ́ta ṣàlàyé ìdí tí ọmọbìnrin Ẹ̀gbá fi ń kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọdún ti ń parí lọ, ọ́fíìsì lè má ṣí. Mo fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ka Jòhánù orí kẹwàá. Mo ti wàásù lórí orí yẹn rí, Ìlérí. Mo máa ń fo ẹsẹ yẹn.

Bàbá rẹ.


Manchester,
Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kìíní, 2025.

Bàbá mi,

A kú ewu ọdún.

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Wùnmí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ń sọ fún èèyàn pé ọsibítù ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí. Mo tiẹ̀ ní yàrá kan nínú orí mi tó kú sí, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti fèrèsé, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Mi ò tí ì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má fi ipá gba èsì lẹ́nu mi. Ẹ sọ fún màámi. Òun ló yẹ kó gbọ́ ọ ṣáájú mi.

Ìwé yín kejì dé. Alẹ́ keje ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí i, kò sí iná lálẹ́ yẹn náà. Lánàá, ọjọ́ kìíní ọdún, ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Priscilla pè mí láti ilé rẹ̀. Ó ní bàbá mi kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta lórí eékún. Mo ní mo mọ̀, mà. Ó ní wọ́n ti pa ẹ̀sùn náà rẹ́, wọn ò ní lé mi, ìwé ìgbélùú mi kò sì ní bà jẹ́. Ara mi fúyẹ́. Ó wá ní ohun kan ló kù: òfin iléeṣẹ́ ni pé ibi tí ẹ̀sùn bá ti ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ kì í padà síbẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, wọ́n ti fi mí sílé ọkùnrin arúgbó kan ní ìhà kejì ìlú.

Mo ní, "Alẹ́ òní ńkọ́, mà? Òní ló parí."

Ó ní kí n lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Òun náà máa wá, torí ó yẹ kí màmá fọwọ́ sí ìwé ìpààrọ̀ mi. Ó ní, "Má kúnlẹ̀ o, Ìlérí. Mo bẹ̀ ọ́."

Nígbà tí mo wọlé, màmá kò kí mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí mi lójú, ó ń gbọ̀n lẹ́rẹ̀kẹ́ mi bí ẹyẹ. Mo bi í bóyá a lè tan ti alẹ́ méjì tó lọ mọ́ ọn. Ó ní rárá. Ohun tó bá fò ti fò, wọn kì í san án padà. Iye alẹ́ tó bá jẹ́ lèèyàn máa tàn. Mo sọ ohun tí ẹ ṣe fún un, àti ìdí rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣì ń bínú sí bàbá rẹ." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀." Mo ti kọ ọ́.

A to àbẹ́là mẹ́jọ láti apá ọ̀tún wá sí òsì, a bẹ̀rẹ̀ sí tàn án láti òsì lọ. Mo tẹ̀ ba, mi ò kúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ń ro mí. Eékún mi ń wá ilẹ̀ fúnra rẹ̀, mo ń dá a lẹ́kun. Nígbà tí ìkẹjọ gbiná, ó ti di agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ojú fèrèsé mọ́lẹ̀ débi pé ọkùnrin kan tó ń fa ajá lọ dúró ní títì.

Ìgbà yẹn ni Priscilla wọlé pẹ̀lú bírò àti ìwé. Kò bọ́ kóòtù.

"Màmá, ibí yìí nìkan ni kí ẹ fọwọ́ sí. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Jókòó."

"Mọ́tò mi wà lójú ọ̀nà, mà."

"Tí iná yìí bá ń jó, obìnrin kì í ṣiṣẹ́. Ìyá mi kì í ṣe é, ìyá tiẹ̀ náà kì í ṣe é. Àwọn obìnrin wà nínú ìjà Màkábé yẹn, ìsinmi yìí ni èrè tí wọ́n fún wọn. Jókòó."

"Ìfọwọ́síwèé kì í ṣe iṣẹ́, mà."

"Èyí tó máa gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi? Iṣẹ́ ńlá ni."

Priscilla wò mí. Ó jókòó létí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde. Nígbà tó yá, ó bọ́ kóòtù. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù, kò sẹ́ni tó lọ gbé tíì. Màmá kọ orin kan dé àárín, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ń wo àwọn iná náà bí wọ́n ṣe ń kúrú. Mi ò rò pé mo ti wo nǹkan kan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láìṣe é ní nǹkan.

Wọn ò kú lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó sún mọ́ etí fèrèsé jù kọ́kọ́ lọ, torí atẹ́gùn, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kẹ́yìn kú ní agogo márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Bírò àti ìwé ìpààrọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ Priscilla. Kò nà án sí màmá. Màmá kò bèèrè rẹ̀.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sì sí iná kankan mọ́ tó ní ká dúró.

Ìlérí.